Ẹ̀jẹ̀ Kì í Gbàgbé: Ìtàn Abraham Kiptum, Ẹni Tó Gbégbá Orókè l'Ékòó Lẹ́ẹ̀mejì

Alékúwọdò, níbí ní Òṣogbo, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá ń gbúròó jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ẹ má bínú, iná ò sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí dípò kí ẹ gbọ́ ọ, bóyá torí pé dátà ò tó, ẹ má mikàn. Ohun tí mo sọ náà nìyí, mi ò yọ nǹkan kan kúrò.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni mo gbé wá lónìí. Ọmọ Kenya ni. Ó wá sí Èkó ní 2016, ó gba ipò kìíní nínú Lagos City Marathon àkọ́kọ́. Ó padà wá ní 2017, ó tún gba ipò kìíní. Ní 2018, ó gba rékọ́ọ̀dù àgbáyé lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ní 2019, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé. Abraham Kiptum lorúkọ rẹ̀.

Púpọ̀ nínú wa ló wo eré Èkó yẹn lórí fóònù. A rí i tó ń rẹ́rìn-ín lójú ìlà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgbà yẹn gan-an ni ìtàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbóná, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò sì tẹ̀ lé e dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e lónìí.

BÁWO NI Ọ̀NÀ NÁÀ ṢE JÌN TÓ?

Kílómítà 42 àti mítà 195 ni marathon. Ẹ jẹ́ ká fi ilé wa wọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá gbéra láti Alékúwọdò níbí, tí ẹ forí lé Iléṣà, tí ẹ sáré láìdúró mumi títí tí ẹ fi wọ Iléṣà, ẹ ò tíì parí. Ẹ ó ṣì máa sáré lọ.

Eré wo ni wọ́n wá ń sá? Ní Berlin ní 2022, Eliud Kipchoge parí tirẹ̀ láàárín wákàtí 2, ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 9. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílómítà 21 ní wákàtí kan. Tí ọkọ̀ bá dí ní Ọ̀láìyá lọ́sàn-án, Márúwá tí ẹ wọ̀ kò lè bá a. Ẹsẹ̀ lásán ni ọkùnrin yẹn sì fi ń sá a.

Ohun kan wà tí àwa òǹwòran kì í sábà rò. Ara èèyàn kò gba kó máa sá irú eré báyìí lóòrèkóòrè. Àwọn tó mọṣẹ́ náà dunjú kì í sábà ju marathon méjì lọ lọ́dún. Ẹ rò ó wò: kí oníṣòwò ní ọjọ́ ọjà méjì péré lọ́dún! Oṣù mẹ́rin, oṣù márùn-ún ló máa fi palẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ kan. Tí inú bá run ún láàárọ̀ ọjọ́ náà, tàbí tí iṣan ẹsẹ̀ bá fà á, ìdajì ọdún ti lọ nìyẹn.

Kò sì sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún un. Owó ẹ̀bùn ló ń jẹ, pẹ̀lú owó tí àwọn tó ṣètò eré ńláńlá máa ń fún gbajúmọ̀ kó ṣáà ti yọjú, àti owó ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà. Alágbàṣe tó ń bá a wá eré máa yọ tirẹ̀ níbẹ̀. Kóòṣì náà ń retí. Àwọn ará ilé náà ń retí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí a máa tó padà sí i.

KIPTUM MÉJÌ LÓ WÀ

Kí n tó lọ síwájú, ẹ má jẹ́ kí orúkọ dà yín láàmú. Kiptum kan tún wà tó lókìkí ju ti Èkó yìí lọ, Kelvin Kiptum. Òun ló sá marathon ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 35 ní Chicago ní October 2023, kó tó di pé jàǹbá ọkọ̀ pa á ní Kenya ní February 2024. Ọmọ ọdún 24 péré ni.

Orúkọ yìí kò túmọ̀ sí pé ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Àwọn Kalenjin, ẹ̀yà tí púpọ̀ nínú àwọn sárésáré Kenya ti jáde wá, máa ń sọ ọmọ lórúkọ gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bí i tàbí bí nǹkan ṣe rí lọ́jọ́ náà, bí àwa náà ṣe ní Abíọ́dún àti Abíọ́nà. “Kip” iwájú yẹn, ti ọkùnrin ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ Kipchoge, Kiptum, Kipsang, Kipruto. Bí a ṣe lè rí Abíọ́dún mẹ́ta ní àdúgbò kan ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Abraham ni tiwa lónìí.

ÈKÓ, 2016 ÀTI 2017

Ọjọ́ 6 oṣù February, 2016. Akínwùnmí Ambode ni gómìnà nígbà yẹn. Wọ́n gbéra láti pápá ìṣeré National Stadium ní Sùúrùlérè, wọ́n gba Ìkòròdú Road, wọ́n gun afárá Third Mainland, wọ́n já sí Erékùṣù, Eko Atlantic sì ni wọ́n parí rẹ̀ sí. Kiptum ló kọ́kọ́ dé. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 16 ló gbà á. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún dé ṣíwájú gbogbo wọn, ó sì fi bíi ìṣẹ́jú kan yá ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹnì kan lè ní, ṣé ìyẹn náà yá? Àwọn kan ṣáà ń sá a ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 3 nígbà yẹn. Ó yá o. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Èkó rí, ẹ mọ bí ooru ibẹ̀ ṣe máa ń rí. Oòrùn á ti yọ lórí afárá, omi inú afẹ́fẹ́ kò ní jẹ́ kí òógùn gbẹ, kò sì sí igi kan tó máa ṣíji bò ẹ́. Ní Berlin, ara máa ń tutù nígbà tí wọ́n bá ń sáré. Ní Èkó, ooru náà jẹ́ alátakò lọ́tọ̀.

Ìdí míì tún wà tí irú Kiptum fi ń wá sí Èkó. Eré London, Berlin, Chicago, èèyàn kì í kàn dédé yọjú síbẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ pè ẹ́, wọn kì í sì í pe ẹni tí wọn ò mọ̀. Sárésáré tó ń gòkè bọ̀ á kọ́kọ́ lọ sí àwọn ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ eré tiwọn, níbi tí owó ẹ̀bùn wà tí àwọn ọ̀gá kò sì pọ̀. Bí ẹni tó ń tajà lórí àtẹ lẹ́bàá títì kó tó lówó ìsọ̀ ní Ọjà Ọba ni. Èkó ni àtẹ ẹ̀bá títì tí Abraham Kiptum fi bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là tó gbà níbẹ̀ kì í ṣe owó kékeré fún ẹnikẹ́ni, ká má tíì sọ fún ẹni tí a kò mọ̀ rárá.

Ó sì ṣiṣẹ́ fún un. Ní April 2018, ó gba ipò kìíní ní Daegu, ní South Korea, ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 29. Ìyẹn kì í ṣe eré ẹni tó ń bọ̀ mọ́. Ẹni tó ti dé ló ń sá irú ẹ̀.

ÌṢẸ́JÚ ÀÁYÁ MÁRÙN-ÚN NÍ VALENCIA

Ọjọ́ 28 oṣù October, 2018, ní Valencia, ní Spain. Ààbọ̀ marathon ni wọ́n ń sá níbẹ̀, kílómítà 21 àti díẹ̀. Láti 2010 ni Zersenay Tadese, ọmọ Eritrea, ti di rékọ́ọ̀dù àgbáyé mú pẹ̀lú ìṣẹ́jú 58 àti ìṣẹ́jú àáyá 23. Ọdún 8 gbáko, ẹnikẹ́ni ò lè gbà á.

Kiptum sá a ní ìṣẹ́jú 58 àti ìṣẹ́jú àáyá 18.

Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré. Àkókò tí ẹ máa fi ṣí WhatsApp kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún yẹn sọ ẹni tó ń gba ẹ̀bùn l'Ékòó di ẹni tí gbogbo ayé ń wá. Ní December ọdún náà, ó ṣe ipò kejì ní marathon Abu Dhabi. Nígbà tó fi máa di April 2019, orúkọ rẹ̀ ti wọ marathon London, èyí tó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú eré ọ̀nà jíjìn lágbàáyé. Àwọn tó ti gbé e lọ́wọ́ l'Ékòó náà ń retí láti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ọjọ́ 28 oṣù April ni eré London. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, AIU, ìyẹn ẹ̀ka tó ń rí sí òtítọ́ àti òdodo nínú eré sísá lágbàáyé, kéde pé àwọn ti dá a dúró. Kò sá eré náà.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán, ọdún 4 ni wọ́n dá fún un. Wọ́n sì pa gbogbo èsì eré rẹ̀ rẹ́ láti ọjọ́ 13 oṣù October, 2018. Ẹ ka oṣù yẹn dáadáa. Ó ku ọjọ́ 15 sí Valencia. Rékọ́ọ̀dù náà lọ, ipò kejì Abu Dhabi náà lọ. Lónìí, tí ẹ bá wo bí rékọ́ọ̀dù ààbọ̀ marathon ṣe tẹ̀ lé ara wọn, ọwọ́ Tadese ló ti bọ́ sọ́wọ́ Geoffrey Kamworor, tó sá ìṣẹ́jú 58 àti ìṣẹ́jú àáyá 1 ní Copenhagen ní September 2019. Bí ẹni pé Abraham Kiptum kò dé Valencia rí.

BÁWO NI WỌ́N ṢE MỌ̀?

Ibí yìí ló wù mí jù nínú ìtàn náà, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé oògùn ni wọ́n bá nínú ìtọ̀ rẹ̀. Rárá o. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ọ́síjìn lọ bá iṣan. Bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni iṣan ṣe máa pẹ́ tó kó tó rẹ̀ ẹ́. Kíndìnrín wa máa ń tú èròjà kan jáde, EPO lorúkọ rẹ̀, tó ń sọ fún mùdùnmúdùn inú egungun pé, “Ẹ ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa sí i.” Tí èèyàn bá ń gbé lórí òkè gíga tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́, ara máa ń ṣe sí i fúnra rẹ̀. Ìlú Iten ní Kenya, níbi tí sárésáré pọ̀ sí bíi yanrìn, ga tó mítà 2,400 láti orí òkun. Ìyẹn wà lára ohun tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, òfin ò sì kọ̀ ọ́. Ohun tí òfin kọ̀ ni kí èèyàn gún abẹ́rẹ́ EPO, tàbí kó fa ẹ̀jẹ̀ sára kó lè yára.

Àwọn tó ń ṣọ́ eré ti wá mọ̀ pé abẹ́rẹ́ EPO kì í pẹ́ lára. Ẹni tó gún un lónìí, tí wọ́n bá dé bá a lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n lè má rí nǹkan kan. Wọ́n wá ní, ó dáa, a ò ní wá oògùn mọ́ nìkan. Ipasẹ̀ rẹ̀ la máa wá. Wọ́n ṣí ìwé kan fún sárésáré kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á kọ iye rẹ̀ sínú ìwé náà: báwo ni sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe pọ̀ tó, mélòó nínú wọn ló jẹ́ tuntun.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n yín obìnrin lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tó lóyún, ẹ ti rí káàdì tí wọ́n máa ń fún un. Gbogbo ìgbà tó bá lọ, nọ́ọ̀sì á kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i, á kọ ẹ̀jẹ̀ ríru sí i. Lóṣù keje, nọ́ọ̀sì tí kò rí i rí lè gba káàdì náà, kó wò ó láti òkè délẹ̀, kó sì sọ pé, “Ìyá, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbí yìí.” Kò béèrè nǹkan kan, káàdì ló sọ fún un.

Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ló mú Kiptum. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ló máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kì í sì í sọ orúkọ ẹni tó ni ín fún wọn. Nọ́ńbà nìkan ni wọ́n ń rí. Nọ́ńbà tirẹ̀ lọ sókè sọ̀kalẹ̀ lọ́nà tí ara kì í gbà ṣe é fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà wa sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀, oṣù mẹ́fà lòótọ́ fi bá a.

ṢÉ ÈKÓ WÁ DI ÈTÀN NÁÀ?

Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí wà lọ́kàn yín. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé, rárá. October 2018 ni ìdájọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Eré Èkó ti 2016 àti 2017 kò sí níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lórí ayélujára fi irọ́ kún un fún yín.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí irú ọ̀rọ̀ báyìí ń dá sílẹ̀. Ẹni tó ṣe ipò kejì sí i l'Ékòó máa bi ara rẹ̀ léèrè lóru. Kò ní gba ìdáhùn láéláé. Ẹni tó bá ṣàṣejù lẹ́ẹ̀kan, àní ohun rere tó ti ṣe ṣáájú á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlẹ́rìí.

Kì í sì í ṣe Kenya nìkan lọ̀rọ̀ yìí bá wí. Àwa náà ní tiwa. Blessing Okagbare, sárésáré wa tó lókìkí, wọ́n dá a dúró nígbà tí Olympic Tokyo ń lọ lọ́wọ́ ní 2021. Ní February 2022, ọdún 10 ni wọ́n dá fún un. Ní Tokyo yẹn kan náà, eléré ìdárayá mẹ́wàá láti Nàìjíríà ni wọn kò jẹ́ kó kópa. Kì í ṣe pé wọ́n bá oògùn lára wọn o! Òfin sọ pé kí wọ́n ti yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìrò tẹ́lẹ̀ láàárín oṣù mẹ́wàá tó ṣáájú eré, iye yẹn kò sì pé fún wọn. Ìwé wọn ṣófo. Wọ́n ti lo ọdún mẹ́rin, márùn-ún fún ìgbáradì, wọ́n sì ti dé Japan.

Ẹ fi ẹjọ́ méjèèjì wéra. Ìwé Kiptum ló tú u fó. Ní ti àwọn mẹ́wàá yẹn, àìsí ìwé ló dá wọn padà. Nínú iṣẹ́ yìí lóde òní, eré tí o sá lónìí kò tó. Wọ́n á ní kí o mú ìwé ọdún tó ti kọjá wá.

ṢÉ Ó ṢEÉ ṢE LÁÌ GBA Ọ̀NÀ Ẹ̀BÙRÚ?

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́. Ẹ wo Kipchoge. Ó di ọ̀gá àgbáyé nínú eré mítà 5,000 ní 2003, ọmọdé ló ṣì jẹ́. Ní 2012, kò rí ààyè nínú ẹgbẹ́ Kenya tó lọ sí Olympic London. Ẹlòmíì á ní ó ti parí fún un. Ó yí sí marathon ní 2013, ó bẹ̀rẹ̀ ní Hamburg, ó sì gba ipò kìíní. Ọdún 5 lẹ́yìn rẹ̀ ló tó gba rékọ́ọ̀dù àgbáyé ní Berlin. Ọdún 15 ló wà láàárín 2003 àti ọjọ́ yẹn.

Ẹ wo Sabastian Sawe náà, ọmọ Kenya míì. Kó tó lọ sá marathon Berlin ní 2025, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló sọ fún AIU pé kí wọ́n wá máa yẹ òun wò lemọ́lemọ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà rẹ̀ ló gbé owó rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá kan ilẹ̀kùn. Ó sì gba ipò kìíní. Ó mọ̀ pé nítorí àwọn tó ti ṣáájú òun, gbogbo ọmọ Kenya tó bá yára ni ayé á máa wò tìfura-tìfura, ó sì pinnu láti ní ìwé tirẹ̀ kó tó di pé wọ́n béèrè.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí ilé. Ní eré Èkó, ẹ̀bùn ọ̀tọ̀ wà fún ọmọ Nàìjíríà tó bá kọ́kọ́ dé. Wọ́n máa ń gbọ́ orúkọ bíi Sharubutu Philibus àti Deborah Pam níbẹ̀. Ìhà Plateau ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, torí Jos ga, ó tutù, wọ́n sì ti ní àṣà eré ọ̀nà jíjìn níbẹ̀. Òṣogbo wa kò ga tó bẹ́ẹ̀, ooru wa sì pọ̀. Síbẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni àwọn òṣómàáló tó ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n tún padà fẹsẹ̀ rìn lọ gba gbèsè wọn. Ìrìn jíjìn kò ṣàjèjì sí wa.

Torí náà, ẹ̀yin tí mo máa ń rí lójú títì láàárọ̀ kùtùkùtù, tí ẹ ń sáré gba Òkè-Fíà lọ, tí ẹ ní àwọn fẹ́ dé Èkó lọ́jọ́ kan, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ máa kọ eré tí ẹ bá sá sílẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ àti iye ìṣẹ́jú rẹ̀. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín tó o ṣe. Ẹ má gba abẹ́rẹ́ tàbí oògùn “agbára” lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní òun mọ kóòṣì kan, àní oògùn ikọ́ pàápàá, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá òfin eré gbà á, torí ẹni tó bá wà lára rẹ̀ ni wọ́n máa mú, kódà bó jẹ́ ẹlòmíì ló fún un. Ẹ̀kẹta, tí ẹ bá dé ibi tí orúkọ yín ti wọ ìwé àwọn tó ń yẹ eléré wò, ẹ ó máa sọ fún wọn lójoojúmọ́ ibi tí wọ́n ti lè bá yín fún wákàtí kan. Ẹni tí wọ́n bá wá tí wọn ò bá lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún kan, wọ́n lè dá a dúró. Ohun tó bá Wilson Kipsang nìyẹn, ẹni tó ti ní rékọ́ọ̀dù àgbáyé rí. Ọdún 4 ni wọ́n fún un ní 2020.

Ọdún 4 ti Abraham Kiptum ti pé báyìí. Ìyà náà ti tán, ó lè sáré tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ọdún 4 nínú ayé sárésáré ọ̀nà jíjìn kì í ṣe kékeré. Ọjọ́ ọjà mẹ́jọ ni. Ó lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún 29 nígbà tí wọ́n dá a dúró, ìgbà tí ẹsẹ̀ máa ń gbóná jù. Ìyẹn kò ṣeé dá padà.

Ibi tí mo bá a dé lónìí nìyẹn. Mo fẹ́ gbọ́ tiyín: tí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ṣe ipò kejì sí Kiptum ní 2016, ṣé inú yín á dùn sí ipò kejì yẹn lónìí àbí inú yín á bàjẹ́? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ. A máa gbé díẹ̀ nínú wọn sórí ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Iná ti dé, ẹ jẹ́ kí n lọ sáájì fóònù. Ó dìgbà o.